Kẹ́ẹ tó wọn ẹ̀tù: bí mo ṣe ń to ráìfù ọdẹ tuntun tó fúyẹ́

Ẹ̀yin ọdẹ ilẹ̀ òkèèrè, ẹ kú ojú lọ́nà. Àsìkò ọdẹ ti ń sún mọ́lé, àwọn èèyàn sì ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lọ́tùn-ún lósì: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ráìfù fúyẹ́fúyẹ́ kan, mo fẹ́ máa rọ kátíríìjì mi fúnra mi, kí n máa fọwọ́ ara mi da ẹ̀tù sí i kí n fi ọta dé e, ẹ̀tù wo ni kí n rà?" Ìdáhùn mi nìyí: ẹ má tíì ra ẹ̀tù kankan.

Ráìfù tó bá fúyẹ́ kì í bo àṣìṣe. Ìbọn tó wúwo, ìwúwo ẹ̀ gan-an ń bá yín dì í mú ni, síkúrù lè tú díẹ̀, èjìká lè má jókòó dáadáa, ìbọn á ṣì ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Èyí tó fúyẹ́ yẹn, gbogbo àṣírí yín ló máa tú sórí pépà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra tèmi ló bá mi de scope, gíláàsì tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ yìn, mọ́ ọn, mo ní ṣebí iṣẹ́ wọn ni, kí ni mo fẹ́ máa yẹ̀ wò. Mo débi ìyìnbọn, ọta márùn-ún, ínǹṣì mẹ́rin, ní yáàdì 100 péré! Mo pààrọ̀ ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ ọta lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù méjì gbáko, owó ń lọ, ìyàwó mi ń wò mí. Ọjọ́ kan ni mo kàn di scope mú báyìí, mo yí i díẹ̀ bí ẹní fẹ́ ṣí ìdérí ìgò, mo gbọ́ "kẹ́". Síkúrù ìsàlẹ̀ kan ló tú. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹ̀tù tí mo ti pè ní ẹ̀tù burúkú, ọta márùn-ún ẹ̀ wọ inú ínǹṣì kan.

Kí n sọ ìbọn tí mò ń lò kó lè yé yín. Tikka T3x Lite ni, àwọn ará Finland ló ń ṣe é, 6.5 Creedmoor ni kátíríìjì ẹ̀, bíi kílò 3 ni kẹ́ẹ tó gbé scope lé e. Houston ni mò ń gbé, Colorado ni mo ti ń dẹ, àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní mule deer ni mò ń lé kiri lórí òkè. Ìdí tí mo fi ra èyí tó fúyẹ́ nìyẹn, ẹ gbé ìbọn kílò márùn-ún gun òkè ẹsẹ̀ bàtà 9,000 kẹ́ẹ wá ròyìn fún mi.

Ọ̀rọ̀ òfin, kíákíá. Tó bá jẹ́ vísà lásán lẹ fi wà ní Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe green card, tẹ́ẹ ò sì tíì di ọmọ onílùú, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà yín láyè láti ní ìbọn àti ọta àyàfi láwọn ọ̀nà díẹ̀, láísẹ́ǹsì ọdẹ wà lára ẹ̀, àmọ́ ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ tó dé kàńtà. Colorado ní tiẹ̀, ẹni tí wọ́n bí láti ọdún 1949 síwájú gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó ra láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ kà á gbádùn ara yín, ẹ má lọ máa rọ kátíríìjì sínú yàrá o, ẹ̀wọ̀n ni.

Ó yá, ìbọn ọ̀hún. Ẹ yọ ọta kúrò, ẹ wo inú ẹ̀, ẹ tún un wò. Ẹ fọ ojú ìbọn kí òróró tí wọ́n fi kún un láti ilé iṣẹ́ kúrò. Ẹ wá yẹ síkúrù méjì tó so irin ìbọn mọ́ ìdí ẹ̀ wò, ìwé tó bá ìbọn wá ló máa sọ bó ṣe yẹ kó le tó, torque wrench kékeré, irinṣẹ́ tó ń wọn bí síkúrù ṣe le tó, lẹ máa fi di í, ẹ má fi agbára ọwọ́ ṣe é. Owó torque wrench yẹn ò tó páálí kátíríìjì méjì, òun ló sì yẹ kẹ́ẹ kọ́kọ́ rà nínú gbogbo nǹkan tí mo máa dárúkọ. Síkúrù ìsàlẹ̀ scope, ẹ nu òróró ojú ẹ̀ kúrò, ẹ di í bí wọ́n ṣe sọ. Ring tó di scope mú, inch-pound (ìwọ̀n tó wà lára torque wrench) 15 sí 18 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, àmọ́ ẹ ka ti èyí tẹ́ẹ rà nítorí wọn ò dọ́gba, tó bá le jù ẹ máa tẹ ikùn scope wọlé ni.

Scope fúnra ẹ̀, ẹ má gbé bàbá ńlá lé ìbọn fúyẹ́, ẹ ti fowó ra kílò kúrò tán ẹ tún ń fowó rà á padà, ìrònú wo nìyẹn? Ẹ fi ìbọn sí èjìká, ẹ di ojú, ẹ gbé orí lé e bó ṣe wù yín, ẹ wá lajú. Tẹ́ẹ bá ń rí òkùnkùn léti, ẹ sún scope síwájú tàbí sẹ́yìn títí tójú á fi kún. Ẹ ṣe é pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì òtútù lọ́rùn, ẹ tún ṣe é ní ìdọ̀bálẹ̀, nítorí pé tẹ́ẹ bá dọ̀bálẹ̀ orí máa ń wọ́ síwájú. Ìbọn fúyẹ́ ń ta sẹ́yìn gan-an. Mo ní àpá kékeré kan lókè ìpéǹpéjú ọ̀tún mi tó lè jẹ́rìí sí i, ẹ̀jẹ̀ dé àgbọ̀n, àwọn tó wà níbi ìyìnbọn rò pé wọ́n yìnbọn bà mí.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa fi muzzle brake sí ẹnu ìbọn láti dín títa ẹ̀ kù, ẹ fi sí i báyìí, torí ohunkóhun tẹ́ẹ bá so mọ́ ẹnu ìbọn máa ń yí ibi tí ọta ń bà padà, ẹ ò ní fẹ́ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ di etí yín méjèèjì o, ariwo ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra kátíríìjì ilé iṣẹ́ bíi páálí mẹ́ta, irú kan náà. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ fẹ́ mọ̀ ohun tí ìbọn lè ṣe kó tó kan ọwọ́ yín. Ìkejì, èèpo idẹ tó ń jábọ́ yẹn, ẹ má dà á nù, nítorí pé tẹ́ẹ bá yin kátíríìjì nínú ìbọn yín, iná ẹ̀tù á fẹ èèpo yẹn títí tó fi máa bá ara chamber ìbọn yín, ihò tí kátíríìjì ń jókòó sí, mu gẹ́lẹ́, bí aṣọ tí télọ̀ rán sí èèyàn lára. Òun lẹ máa padà rọ.

Bẹ́ẹ bá ń yìn ín, ẹ gbé iwájú ìdí igi ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ má jẹ́ kí irin ojú ìbọn fara kan nǹkankan, àpò kékeré mìíràn á wà lábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ìbọn wúwo, ẹ lè jẹ́ kó máa sún bó ṣe fẹ́. Ìbọn fúyẹ́, rárá, ẹ fọwọ́ òsì di iwájú ẹ̀ mú, ẹ fà á mọ́ èjìká díẹ̀, ìdìmú kan náà nígbà gbogbo, tẹ́ẹ bá fa trigger tán ẹ má tú ìka sílẹ̀ kíá, ẹ wo inú scope títí ìbọn á fi padà jókòó. Ọta mẹ́ta, ẹ sinmi. Irin tín-ín-rín yẹn ń gbóná kíákíá, tó bá ti gbóná ooru á máa jó níwájú scope, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Tẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ẹ ò lè fi ọwọ́ síbẹ̀, ẹ lọ mu omi.

Ó kan rírọ kátíríìjì wàyí. Kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀: bàbá bàbá mi ní Òkèògùn, ṣakabùlà ló ń gbé, látinú àdó ni bàbá ti ń da ẹ̀tù tó wọ̀n fúnra ẹ̀, ó á fi ọ̀pá gún un, ó á kó ọta sí i. Torí náà táwọn òyìnbó bá ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀dá handloading, ìyẹn kí èèyàn máa rọ kátíríìjì fúnra ẹ̀, mi ò kì í dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ṣakabùlà lè gbà, ìbọn òde òní ò ní gbà á. 62,000 psi (pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kan) ni agbára tí wọ́n fún 6.5 Creedmoor láàyè dé, ẹnu scope lojú yín sì wà.

Ẹ wọn nǹkan méjì kẹ́ẹ tó ra ọta. Ẹ wọn inú magazine, àpótí tó ń gbé kátíríìjì lábẹ́ ìbọn, kẹ́ẹ mọ bí kátíríìjì ṣe lè gùn tó kó ṣì wọ̀ ọ́. Ẹ tún wọn ibi tí ọta máa ti kan ìlà tó wà nínú ojú ìbọn. Irinṣẹ́ kan wà tí Hornady ń tà fún un, ọ̀pá tín-ín-rín ni, èèpo kan tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ jókòó sórí ẹ̀, ẹ máa ti ọta síwájú jẹ́jẹ́ títí á fi kan nǹkan. Ìka yín á mọ̀ ọ́n. Tẹ́ẹ bá tì í jù ó máa há, tẹ́ẹ bá tì í díẹ̀ irọ́ ló ń pa, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kẹ́ẹ mú èyí tó ń tún ara ẹ̀ sọ. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Tẹ́ẹ bá pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ogún nínú ẹ̀ sẹ́yìn nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tí magazine bá gbà á. Tí ò bá gbà á, magazine ló jàre, ìbọn ọdẹ tí èèyàn ń kì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìbọn ọdẹ.

Èèpo idẹ: ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára kẹ́ẹ tó fi sínú die, irinṣẹ́ tó ń tẹ èèpo padà sí ìwọ̀n ẹ̀. Tí òróró bá kéré èèpo á há sínú ẹ̀, ọjọ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn, tó bá pọ̀ jù èjìká èèpo á tẹ̀ wọlé. Ẹ má kàn yí die wọlé títí dé ìdí. Ẹ wọn èjìká èèpo tẹ́ẹ ti yìn, ẹ wá máa yí die wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èjìká yẹn á fi padà sẹ́yìn ní méjì péré nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, idẹ á tètè fà ya. Gígùn èèpo ò gbọ́dọ̀ kọjá ínǹṣì 1.920, tó bá kọjá ẹ gé e padà sí 1.910, ẹ fá ẹnu ẹ̀ nínú lóde. Àti pé ẹ má da èèpo Hornady pọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́ Lapua. Primer ni ife kékeré nídìí èèpo tó ń tan iná sí ẹ̀tù: large rifle primer ni Hornady ń gbà, small rifle primer ni Lapua ṣe tiẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n kan tì í tipátipá, primer bú lórí press, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ kátíríìjì. Ọlọ́run yọ ọ́, ó wọ gíláàsì ojú. Ẹ̀yin náà ẹ wọ gíláàsì.

Ẹ̀tù wá dé. H4350 lèmi ń lò, ilẹ̀ Australia ni wọ́n ti ń ṣe é fún ilé iṣẹ́ Hodgdon, ìdí tí mo fi yàn án ni pé òtútù àti ooru kì í tètè yí i lójú, nítorí pé mo ń rọ kátíríìjì nínú gáréèjì Houston tó ń gbóná bí ààrò, Colorado tó ń dì gbagidi ni mo sì ti ń yìn ín. Mi ò ní sọ iye grain (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta) tí mò ń lò fún yín, ẹ má béèrè. Ìbọn tèmi kọ́ ni tiyín. Ẹ ṣí ìwé ìtọ́ni Hodgdon tàbí ti Hornady, ẹ wá ọta gan-an tẹ́ẹ rà àti ẹ̀tù gan-an tẹ́ẹ rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, èyí tó kù ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Fóònù, kó wà níta. Tẹ́ẹ bá da ẹ̀tù sínú gbogbo èèpo tán, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ẹ tó fi ọta dé e. Èyí tí ò bá ní ẹ̀tù, primer nìkan lè ti ọta há sáàárín ojú ìbọn, èyí tẹ́ẹ bá tún yìn tẹ̀ lé e á fa ìbọn ya. Torí náà, tẹ́ẹ bá gbọ́ ìró tó rọ̀, ẹ dúró, ẹ yọ bolt, irin tó ń sé ẹ̀yìn kátíríìjì, ẹ wo inú.

Ẹ máa fi grain 0.3 kún ẹ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan, kátíríìjì méjì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ wo ìdí èèpo. Bí bolt bá le láti gbé sókè, bí àmì róbótó tó ń dán bá jáde nídìí idẹ, bí primer bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ti kọjá ààlà, kódà tí ìwé bá ní ó ṣì kù. Ẹ padà sílé, ẹ tú èyí tó kù.

Ẹ má jẹ́ kí ọta mẹ́ta tàn yín. Ọta mẹ́ta á wọ ihò kan lónìí, lọ́la á fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀tù kan náà ni. Ẹ yin mẹ́wàá, kódà tó bá gba ìrìn méjì kí irin lè tutù láàárín. Ìbọn fúyẹ́ tó bá ń fi ọta mẹ́wàá sínú ínǹṣì kan àti ààbọ̀ ní yáàdì 100, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹran ò mọ ìyàtọ̀.

Èyí tẹ́ẹ bá yàn, ẹ fi chronograph wọn eré ẹ̀, ẹ má gba ti ara páálí gbọ́. Tèmi, ọta Hornady ELD-X tó wúwo grain 143, ń sáré bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,700 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo tún scope ṣe kí ọta bá ojú gan-an ní yáàdì 200, ní 300 ó ń wálẹ̀ bí ínǹṣì 7 tàbí 8, ní 400 bíi 22, ní 500 ó lé ní 40. Lórí òkè afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, ó máa ń wálẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ fún app tó ń ṣírò bí ọta ṣe ń wálẹ̀ ní gíga ibi tẹ́ẹ máa dẹ, kì í ṣe ti ilé yín. Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló burú jù, máìlì mẹ́wàá ní wákàtí lè ti ọta yẹn kúrò lójú ọ̀nà ní ínǹṣì mẹ́sàn-án ní yáàdì 400, scope kankan ò sì lè wọ̀n ọ́n fún yín. Èmi, 400 ni mo fi ààlà sí. Ẹni tó bá ní 800, kó máa lọ yin àwo irin tí wọ́n fi ń dánra wò.

Ohun tí mò ń ṣe láàárín oṣù tó kù kí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ nìyí: lójoojúmọ́ tí mo bá débi ìyìnbọn, ọta àkọ́kọ́, nígbà tí irin ṣì tutù, orí pépà kan náà ni mo ń yìn ín sí, mo á ká pépà yẹn padà sápò. Ogún ọta ló wà lára ẹ̀ ní báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde kúrò níbi tí àtẹ́lẹwọ́ mi lè bò, mo sì mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn mi ò tíì jẹun.