Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ onígbòkun yẹn, ẹ gbé outboard sí ìdí ẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ mi kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní sáà kan ṣoṣo. Èyí tó gbẹ̀yìn, abẹ́ afárá Bay Bridge ní Maryland, Amẹ́ríkà, ni mo wà, afẹ́fẹ́ pa rọ́rọ́, ìgbòkun kàn rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sì ń fun fèrè bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọjọ́ yẹn ni mo délé tí mo sọ fún ìyàwó mi pé ó tó gẹ́ẹ́, outboard ni màá lò, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ níta.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni Catalina 27. 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Califọ́níà, ó gùn tó fíìtì 27, ó wúwo tó 3,100 kílò, ó sì pọ̀ lórí omi Amẹ́ríkà bí Corolla ṣe pọ̀ ní títì Èkó. Ẹ́ńjìnnì tó bá tèmi wá ni Atomic 4, ẹlẹ́pẹtiróòlù onísílíńdà mẹ́rin, 30 họ́ọ̀sìpawà, tí iléeṣẹ́ Universal ní Wisconsin ń ṣe láti 1947 títí wọ àwọn ọdún 1980. Mi ò bú u o, ẹ́ńjìnnì gidi ni, àmọ́ omi òkun gan-an ló ń gba inú irin ẹ̀ kọjá láti mú un tutù, ẹ wá ro irin tó ti ń mu omi iyọ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lórí kábúrétọ̀ kan náà, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé inú bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì náà ló ti jẹrà.

Kẹ́ ẹ tó mú sípánà, ẹ bi ara yín ibi tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sà, odò tàbí ibi tí ilẹ̀ ò jìnnà sí yín bíi Chesapeake Bay tèmi níbí, outboard á ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ agbami lẹ̀ ń lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹ́ńjìnnì inú sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ìgbì ńlá á máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè, pùròpélà á jáde síta, á wá máa han gooro bí ẹ̀rọ ata tí ò ní ata nínú, ọkọ̀ ò sì ní lọ síbì kankan. Ọkọ̀ tó bá sì ti wúwo kọjá bíi 4,000 kílò, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Ó wá kan outboard tẹ́ ẹ máa rà. Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè họ́ọ̀sìpawà, wọn kì í bèèrè gígùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn apá tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Íǹṣì 15, 20 àti 25 ló wọ́pọ̀, ọkọ̀ onígbòkun bíi tèmi, 25 ló ń lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 20 fún yín torí pé ó dín owó. Ní ti agbára, 9.9 tó. Ọkọ̀ yìí ò lè sáré ju bíi knot mẹ́fà (nǹkan bíi kìlómítà 11 ní wákàtí) lọ bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe é, torí bí abẹ́ ẹ̀ ṣe gùn tó lórí omi ló ń pinnu ìyẹn, tẹ́ ẹ bá gbé 25 họ́ọ̀sìpawà sí i, epo lẹ máa fi ṣòfò àti ìwúwo lẹ máa rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí àwọn Yamaha Enduro tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń sáré ní Ẹ̀bùtẹ́ Ẹ̀rọ, ẹ gbàgbé ìyẹn, ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fò lórí omi ni wọ́n ń gbé. Tiwa wúwo, títì ló fẹ́, kì í ṣe eré. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní high thrust, irú Yamaha T9.9, pùròpélà ẹ̀ tóbi, jíà ẹ̀ sì wà ní sùúrù, ẹ́ńjìnnì á yí tó bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí pùròpélà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ mú oníbọ́tìnì tó ń fi bátìrì sítáàtì, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́.

Wíwọ̀n la fẹ́ wọ̀n báyìí, ẹ má kánjú níbí. Orí omi ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹrù tẹ́ ẹ máa ń gbé wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọ̀n láti ojú omi dé ibi tí pátákó bíráákẹ́ẹ̀tì (irin tó máa gbé outboard mọ́ ìdí ọkọ̀) máa wà tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpélà, irin yẹn gbọ́dọ̀ rì sínú omi tó íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà. Tẹ́sẹ̀ bá jẹ́ 25 láti orí pátákó dé irin yẹn, ó túmọ̀ sí pé pátákó yẹn ò gbọ́dọ̀ ga ju nǹkan bí íǹṣì 20 sójú omi. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ní kí àgbàlagbà méjì lọ dúró sí ṣóńṣó iwájú bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ju ìdákọ̀ró, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Ìdí ọkọ̀ á gbéra, ẹ máa rí i. Èmi ò ṣe ìyẹn nígbà àkọ́kọ́, ihò bóòtù mẹ́rin ni mo tún dí.

Ó kan yíyọ. Ẹ gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá pùròpélà, torí ihò tó bá fi sílẹ̀, omi ò ní dúró dè yín. Ẹ yọ bátìrì kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó fa epo, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, nítorí oru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ikùn ọkọ̀ ló máa ń sọ̀ sí, iná ṣíún kan ló ń wá. Ẹ yọ ọ́ọ̀sì epo, ọ́ọ̀sì omi, sàlẹ́ńsà, wáyà jíà, ẹ tú kọ́púlìn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá, ẹ wá tú bóòtù ìjókòó ẹ̀. Àwọn bóòtù yẹn ti dípẹtà, ẹ ti fi WD-40 rin wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Atomic 4 súnmọ́ 150 kílò, ẹ má fọwọ́ gbé e. Sẹ́ènì-bùlọ́ọ̀kù (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sẹ́ènì gbé ẹrù wúwo sókè) la fi kọ́ igi tó dábùú lábẹ́ ìgbòkun, a fi okùn tó ń fa ìgbòkun sókè gbé orí igi náà dúró, a tún fi igi 4 × 4 tì í lábẹ́ níbi tí ẹrù wà gan-an, torí igi yẹn nìkan ò ní gbé e, á ká. Ẹ tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró dúdú á bá tìmùtìmù yín jẹ.

Ihò mẹ́ta ló máa ṣẹ́ kù: ti ọ̀pá, ti omi ìtutù, ti sàlẹ́ńsà. Ẹ dí wọn pa. Àwọn kan máa ń ti táàpù ẹnu ihò lásán kí wọ́n máa lọ, èmi ò lè sùn sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ etí ihò náà títí á fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí etí àwo, fífẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kó tó ìlọ́po 12 sísanra ara ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ́ aṣọ fáíbà àti epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an tó bá gbẹ) lé e ní ìpele ìpele. Ó gbẹ, ẹ fi sáńpépà lọ̀ ọ́, ẹ kùn ún. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ o, pùròpélà tó ń wọ́ nínú omi ti lọ, ìgbòkun nìkan ti ń gbé ọkọ̀ mi yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bíráákẹ́ẹ̀tì: ẹ mú onísípíríìnì tó gbé ju ìwúwo outboard yín lọ, T9.9 tó nǹkan bí 50 kílò. Bóòtù tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ lò, kó kọjá sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi pílááwúùdù tó nípọn tàbí páànù alumí tẹ́jú sẹ́yìn ẹ̀ nínú kí ẹrù lè pín, ìwáṣà lásán ò tó. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ojú omi sí gbogbo ihò. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ tún fi sẹ́ènì de outboard mọ́ ọkọ̀, torí mo mọ ẹnì kan tí tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi títí dòní.

Epo báyìí. Táńkì alágbèéká ni, ẹ má gbé e sínú ilé tẹ́ ẹ̀ ń sùn, àyè tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí omi lè ṣàn jáde síta ni kó wà, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rọ epo, ẹ gbé e bọ́ sílẹ̀ lórí èbúté, kẹ́ ẹ tó rọ ọ́. Tèmi ń jẹ lítà méjì sí mẹ́ta ní wákàtí. Pẹtiróòlù Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ethanol (irú ọtí kan), kì í pẹ́ bàjẹ́, ẹ má fi sílẹ̀ láti sáà kan dé ìkejì. Iná tí outboard ń fi sí bátìrì ò pọ̀, sólà 100 watt kan lórí òrùlé ló yanjú ìyẹn fún mi.

Ẹrù ti kúrò láàárín, ó ti wá sídìí, ọkọ̀ á fẹ́ jókòó bí adìyẹ. Mo gbé bátìrì àti omi mímu lọ síwájú, ó bá gún. Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé ìgbòkun àti kúlà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wakọ̀, ẹ wá ibi tó gbòòrò. Omi tí pùròpélà ń tì ò gba ara ìtọ́kọ̀ mọ́, tẹ́ ẹ bá ń rọra lọ, ìtọ́kọ̀ ò ní gbọ́ràn, outboard gan-an lẹ máa yí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́fáàsì, ẹ rí i pé ẹ ti lọ́ọ̀kù ẹ̀ mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ta sókè. Tí ìgbòkun bá ti gbé yín, ẹ fa outboard jáde nínú omi. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ fi omi tútù tí ò níyọ̀ fọ inú ẹ̀.

Ẹ má ju Atomic 4 yín nù o, àwọn tó ń wá páàtì ẹ̀ pọ̀. Bàbá òyìnbó kan ló wá fi pikọ́ọ̀pù gbé tèmi, ó ní méjì ti wà nílé òun, òun fẹ́ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ọ̀kan.