Sẹmínà lórí odò, òkè àti igbó ní yunifásítì n'Ìbàdàn: bí ẹ ṣe lè gbé e kalẹ̀

Àkòrí ló máa ń kọ́kọ́ ba irú sẹmínà báyìí jẹ́, kí iná ọba tó lọ, kí máìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí ẹ bá kọ "Ọmọ Ènìyàn àti Àyíká Rẹ̀" sórí pósítà, ẹni tí ẹ pè á fọwọ́ kan ohun gbogbo, kò sì ní di ìkankan mú. Ẹ dín in kù títí yóò fi kan ibi kan, ìgbà kan àti ìbéèrè kan. Odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Ta ni àwọn ará etí odò dá lẹ́bi? Ta ni ìjọba dá lẹ́bi? Kí ló dé tí èsì méjèèjì kò jọra? Onímọ̀ ìtàn lè dá èyí dáhùn, ẹni tó ń ṣèwádìí orin àti oríkì náà lè dá a dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún Òkèbàdàn, tó jẹ́ pé láyé àtijọ́ wọn kì í dáná lọ́jọ́ rẹ̀. Kí ni òkè jẹ́ sí ìlú tó fi lè ní kí gbogbo ilé paná? Ìbéèrè yẹn nìkan tó sẹmínà kan.

Ẹ kọ lẹ́tà sí olùbánisọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú. Bó bá ń ti òkè òkun bọ̀, ẹ jẹ́ kó tó oṣù 5 nítorí físà. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, iye ìṣẹ́jú tí yóò fi sọ̀rọ̀, irú àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àti ibùsùn, àti bóyá ẹ máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Owó ọpẹ́ ni àwọn olùṣètò máa ń tijú láti dárúkọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò sí. Ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ nígbà náà gan-an, torí ìwé owó kì í tètè jáde ní ọ́fíìsì.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó, kó wá sùn n'Ìbàdàn mọ́jú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà márosẹ̀ kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n yàtọ̀. Rélùwéè dára, àmọ́ Mọ́níyà ló ń já èrò sí, torí náà ẹ rán mọ́tò lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ìwé ojú ewé 15 sí 20 ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì gbé e sórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ wọn kò ní kà á. Ìyẹn kò burú: ẹ yan mẹ́ta tí yóò kà á dópin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan wá tó ti kọ sílẹ̀. Olùfèsì, ìyẹn ẹni tí yóò kọ́kọ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀, náà gbọ́dọ̀ rí ìwé yìí, kó sì jẹ́ ará ẹ̀ka mìíràn. Bí akéwì bá sọ̀rọ̀ nípa odò, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ jọ́gíráfì fèsì. Bí ẹ bá mú akéwì méjì, wọ́n á kàn yin ara wọn.

Ní ti gbọ̀ngàn, èyí tó tóbi jù ló léwu. Trenchard Hall lóyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn 40 nínú rẹ̀ á fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Yàrá tó gba 60 ni kí ẹ wá fún 40, irú èyí tó wà ní Faculty of Arts tàbí Institute of African Studies, kí ẹ to àga yí ká ní ìlàjì òbìrìkìtì. Ẹ ra epo lítà 10 sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ kékeré, kí ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín àti ariwo rẹ̀ ló máa gba inú yàrá kan. Ẹ tẹ síláìdì sórí bébà pẹ̀lú, torí pírójẹ́tọ̀ a máa kọṣẹ́. Aago 10 àárọ̀ ló dára jù: lásìkò òjò, ọ̀sán ni òjò sábà máa ń dé, bó bá sì ti ń lu páànù, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má fi sí ọ̀sán Jímọ̀.

Wákàtí 2 lẹ ní. Ìṣẹ́jú 10 fún ìṣíde àti ìfihàn, 40 fún ọ̀rọ̀, 10 fún olùfèsì, 50 fún ìbéèrè, 5 fún ìdúpẹ́. Márùn-ún tó kù, ìkíni ló máa jẹ ẹ́. Ìkíni yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí èèyàn márùn-ún bá tún kí gbogbo àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́rin wákàtí ti lọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà kan, kí alága kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn tó kù sọ pé àwọn dúró lórí ìkíni alága. Ìtàn ìgbésí ayé olùbánisọ̀rọ̀ tó gba ojú ewé mẹ́ta, ẹ gé e sí ọ̀rọ̀ 100.

Lásìkò ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni ọmọ ogún ọdún tí yóò dìde jà á níyàn? Kí alága sọ ọ́ síta ní ìbẹ̀rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀, kò ní jọ àrífín mọ́. Ẹ má kó ìbéèrè mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ó ń dín àkókò kù, àmọ́ èyí tó le jù ni olùbánisọ̀rọ̀ á fò. Ẹyọ kan, èsì kan, kí a gba olùbéèrè láàyè láti fèsì padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mi ò ní ìbéèrè o, àfikún díẹ̀ ni", ẹ mọ̀ pé kò ní jẹ́ díẹ̀. Nítorí irú wọn ni ọmọ tó ń gbé máìkì kiri ṣe gbọ́dọ̀ di máìkì mú fúnra rẹ̀. Kó má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú 1 bá pé, ó ti gbé e lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ará etí odò, ẹ pe Mọ́gàjí (olórí agbo ilé) tàbí àgbà àdúgbò kan, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 lórí ètò, kí ẹ yọ ọ́ nínú 50 ti ìbéèrè, lédè Yorùbá. Kí ògbufọ̀ má tú u ní gbólóhùn kan-kan, torí ìyẹn ń sọ ìṣẹ́jú 10 di 20. Kí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò máa ṣàlàyé sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má pe bàbá wá jókòó lásán nítorí fọ́tò.

Oúnjẹ, ìyẹn item 7, ìgbẹ̀yìn ló wà. Bí òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù bá ti wọlé ṣáájú ìbéèrè, ìbéèrè ti parí nìyẹn. Ẹ gbé omi sínú kúùlà pẹ̀lú ife tí a lè fọ̀; sẹmínà lórí odò tó dà ọ̀rá píọ́wọ́tà sílẹ̀ káàkiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárín ọjọ́ 3, ẹ fi ohùn tí ẹ gbà ránṣẹ́ sí olùbánisọ̀rọ̀ kó tó lọ sórí YouTube, kó lè ní kí ẹ yọ ohun tí kò fẹ́. Ẹ gé ọ̀rọ̀ àgbà àdúgbò sọ́tọ̀, kí ẹ fi sí WhatsApp ọmọ rẹ̀.