Àṣìṣe tó ń ba ọ̀bẹ jẹ́ kó tó dé ọwọ́ oníléru

Ọ̀bẹ kejì tí mo fi ránṣẹ́ sí oníléru pé kó bá mi fi iná mú un le padà wá pẹ̀lú ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti igun tí ara ọ̀bẹ ti pàdé ìrù tó ń wọ inú èèkù, ó sì gba inú irin lọ títí dé ìdajì. Mo gbé e sókè, mo fi èékánná ta á, kò dún gooro bó ṣe yẹ. Ó dún bí ìkòkò tó ti sán. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọgbó. Oníléru kò jẹ̀bi rárá. Èmi ni mo fi fáìlì gé igun yẹn, tí mo jẹ́ kó gún bí igun àpótí, ibẹ̀ gan-an ni irin sì ti là.

Nígbà tí irin bá ti inú iná bọ́ sínú epo, ara rẹ̀ máa ń tutù ṣáájú inú rẹ̀. Apá kan ń sún kì, apá kejì ń wú, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Agbára tó ń fa ara wọn nínú irin nígbà yẹn ń wá ibi tó máa gbà jáde, ibi tó bá sì gún tàbí tó ní àpá ló máa ń yàn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí igun kankan gún lára ọ̀bẹ yín. Ẹ fi fáìlì róbótó yí gbogbo igun inú, kó tẹ̀ kọrọ bí inú igbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mílímítà 2 péré ni. Ihò tí ìṣó èèkù máa gbà náà kò gbẹ́yìn: ẹ mú ṣónṣó kúrò ní ẹnu rẹ̀ lójú méjèèjì, ẹ má sì lu ú sún mọ́ etí irin jù.

Kí gbogbo ihò sì ti wà lára rẹ̀ kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó ní òun á lu ihò ìṣó èèkù tó bá dé. Irin tó ti le dé HRC 60 (HRC ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí irin ṣe le tó) kì í gbọ́ ti dírílì lásán. Ẹnu dírílì ló máa jó. Ẹ jẹ́ kí ihò fi díẹ̀díẹ̀ gbòòrò ju ìṣó lọ, torí irin lè yí ìwọ̀n padà díẹ̀ nínú iná.

Àpá sánpépà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí. Bí nọ́ńbà sánpépà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń họ irin tó: 36 tàbí 60 máa ń fi poro sílẹ̀ lára irin, poro tó bá sì dábùú ẹnu ọ̀bẹ dà bí ibi tí a ti fi ọ̀bẹ sàmì sí ara páálí kí a tó ṣẹ́ ẹ. Ẹ lọ̀ ọ́ dé 120 ó kéré tán, 220 ló dára jù, kí àpá tó kù sì tẹ̀ lé gígùn ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an bíi dígí. Iná lè bo ojú rẹ̀ ní èépá dúdú, gbogbo wàhálà yẹn á sì di àtúnṣe.

Ẹnu ọ̀bẹ tó ti tín-ín-rín jù ni ìkánjú wa pọ̀ sí jù lọ. Inú wa ń dùn pé ó ti ń jọ ọ̀bẹ, a wá lọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé nǹkan. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ máa ń ká bí ewé tó gbẹ nígbà tó bá wọ epo, tàbí kó sán. Ẹ fi mílímítà 0.5 sí 0.8 sílẹ̀ ní ẹnu. Káàdì báńkì nípọn tó mílímítà 0.76: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀bẹ, ẹ fojú wò ó. Tí irin náà bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tó jẹ́ irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń mú le, ó sàn kí ẹ fi í ránṣẹ́ ní pẹlẹbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ tó bá dé. Ẹ sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Tí ẹ bá lọ apá òsì ju apá ọ̀tún lọ, ọ̀bẹ á tẹ̀ sí apá kan, kò sì rọrùn láti tọ́ ọ padà. Ọ̀bẹ tí ẹ lù lórí owú tún ní wàhálà tó fara pamọ́ nínú rẹ̀: ẹ sọ fún oníléru pé ẹ lù ú ni, kó lè kọ́kọ́ fi iná tu ara rẹ̀ lára.

Èyí tó dùn mí jù ni irin tí olóhun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan á gé sípíríǹgì ọkọ̀ tàbí irin àlòkù kan, á ní, “Irin tó le ni, ẹ bá mi yan án.” Kí ni kí oníléru ṣe? Ẹ wo irú irin méjì, 1084 àti D2: 1084 ń fẹ́ bíi 815°C, kó sì wọ epo. D2 ń fẹ́ bíi 1010°C, afẹ́fẹ́ ló sì máa mú un tutù. Tí ẹ bá fún D2 ní ooru ti 1084, kò ní le dáadáa. Tí ẹ bá fún 1084 ní ooru ti D2, inú rẹ̀ á ṣe hóró-hóró, á sì máa dá bíi bisikíìtì. Kò sí ẹni tó lè fojú mọ èyí. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fi ta irin fún yín, ẹ sì lu àmì sára ìrù ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, jìnnà sí ẹnu. Ohun tí ẹ bá fi máákà kọ á jó dànù nínú ìléru.

Ẹ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe irin ọ̀bẹ kúrò: èèkù, gọ́ọ̀mù, téèpù, idẹ. Idẹ á ti yọ́ ní bíi 900 sí 940°C, á sì ba ìléru onílé jẹ́. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò burú ju ìyẹn lọ, torí síǹkì ń hó ní 907°C, èéfín rẹ̀ sì ń ṣe èèyàn ní àìsàn. Kí ẹ tó di ọ̀bẹ náà sínú ẹrù, ẹ fi ásítónì nu epo àti ìdọ̀tí ọwọ́ kúrò.

Ẹ kọ ìwé kékeré tì í: orúkọ irin, iṣẹ́ tí ọ̀bẹ máa ṣe, àti bí ẹ ṣe fẹ́ kó le tó. Ọ̀bẹ ìdáná tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba HRC 60 tàbí 61. Èyí tí ẹ máa fi gé igi, 56 sí 58 ló yẹ ẹ́. Ẹ sì béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bóyá oníléru fẹ́ ihò kan ní ìrù tó máa fi gbé ọ̀bẹ rọ̀.

Tó bá padà dé, ẹ má jẹ́ kí máṣìn ìlọ̀rin yan án lẹ́ẹ̀kejì. Irin bíi 1084 sábà máa ń gba nǹkan bíi 200°C nígbà tí wọ́n bá dá a padà sórí iná kó má baà máa dá. Tí ẹnu rẹ̀ bá wá di aláwọ̀ búlúù lórí máṣìn, ó ti kan bíi 300°C, ibẹ̀ ti rọ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ìka lásán di ọ̀bẹ mú. Bó bá ti ń ta yín lọ́wọ́, ẹ rì í sínú omi.