Ẹ Yé Fi Géèjì Fúẹ̀lì Ba Ọkọ̀ Àtijọ́ Jẹ́

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ ní Kabba níbí, ìbáà jẹ́ Peugeot 504 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ Mustang tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wálé láti Amẹ́ríkà, ọjọ́ tó bá rí géèjì fúẹ̀lì lórí fóònù ni ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Èyí tó ń wọn agbára tí pọ́ńpù fi ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tó ń sọ iye epo inú táǹkì. Á ra géèjì, á pe ọmọdé kan tó mọ sípánà á dì mú, wọn á so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wọ́ ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi. "Okun o, ọ̀gá. Ọkọ̀ yìí ń mu epo, ó sì ń kú bó bá ń gun òkè." Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, géèjì ń dán gbinrin. Owó tí wọ́n ti ná kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń bí mi nínú, pàápàá torí pé èmi kọ́ ni wọ́n ná an fún.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tú họ́ọ̀sì. Ẹ ti mọ̀ pé orí bátìrì la kọ́kọ́ ń yọ, pé a ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹni tó bá fẹ́ mu sìgá nídìí iṣẹ́ yìí, kó lọ mu ún ní Mopa.

Èkínní, géèjì tí kò bá ọkọ̀ mu. Psi la fi ń ka agbára tí epo fi ń tì. Èyí tó ń ka láti 0 dé 100 psi, ọkọ̀ oní-injector, tó ń fi agbára fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló ni ín. Ọ̀pọ̀ Toyota oní-injector máa ń wà ní bíi 40. Mercedes 230E àtijọ́ lé ní 70. Kábúrétọ̀ ní tirẹ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì; ti Holley tó wà lórí ẹ́ńjìnnì V8 àwọn ará Amẹ́ríkà, 5 sí 7 ló ń fẹ́, ti 504 kì í sì í tó ìyẹn. Bí ẹ bá gbé géèjì 100 sí i, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa gbọ̀n lẹ́bàá òdo, ẹ ò ní mọ̀ bóyá 4 ló ń kà ni àbí 8. Bẹ́ẹ̀ àárín 4 sí 8 yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wà. Bó bá ju 7 lọ dáadáa, abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ò ní lè dá epo dúró mọ́, epo á kún, á máa dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Èyí tó ń ka dé 15 ni kí ẹ rà.

Ìkejì, wọ́n gbé e sáàárín pọ́ńpù àti rẹgulétọ̀, ohun tó ń dín agbára epo kù. Agbára pọ́ńpù lẹ ń wò níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ohun tó ń dé kábúrétọ̀. Ẹ̀yìn rẹgulétọ̀ ni kí ẹ gbé e sí.

Ìkẹta ni téépù funfun. Ẹ fà àga, ẹ jókòó.

Téépù tí àwọn pọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù omi, ta ló sọ fún yín pé ẹ lè lò ó lọ́nà epo? Bí ẹ bá wé e mọ́ ẹnu fítínì, irin kékeré tí a fi ń so géèjì mọ́ ọ̀nà epo, tí ẹ fi sípánà lọ́ ọ wọlé, etí rẹ̀ á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, epo á gbé èyí tó ya lọ. Fílítà kankan ò sì sí níwájú tó máa mú un, torí ẹ̀yìn fílítà ni géèjì wà. Ó di inú kábúrétọ̀ tààrà. Bó bá há sábẹ́ abẹ́rẹ́, epo á kún. Bó bá wọ jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Onímọ́tò á wá ní pọ́ńpù ló bàjẹ́.

Ọkùnrin kan gbé 504 wá láti ọ̀nà Isanlu. Epo ń rùn nínú ọkọ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀, kò wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní pọ́ńpù le jù. Ó ra pọ́ńpù. Ẹlòmíràn ní fílótì ni, èyí tó ń léfòó lórí epo nínú kábúrétọ̀. Ó ra fílótì. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n fi odidi kábúrétọ̀ tọ́kunbọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n wá ṣe? Wọ́n tú géèjì kúrò lára kábúrétọ̀ àtijọ́, wọ́n so ó mọ́ tuntun, wọ́n sì tún wé téépù sí i nípọn, kó má baà jò! Mo ṣí orí kábúrétọ̀ níwájú rẹ̀, mo yọ abẹ́rẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò rẹ̀. Fọ́nrán funfun kan dùbúlẹ̀ lórí etí ihò náà, kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ. Mo fi ẹnu wáyà gbé e, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó wò ó títí. Ó béèrè iye tí mo máa gbà. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, nítorí nǹkan bín-ín-tín yìí?"

Gọ́ọ̀mù olómi wà tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé epo pẹtiróòlù kò lè jẹ ẹ́. Ẹ fi díẹ̀ pa á, kí ẹ fo ìlà kan tàbí méjì àkọ́kọ́ nínú ìlà tí fítínì fi ń lọ́ wọlé. Fítínì tó bá jẹ́ pé irin ló ń jókòó lórí irin, tí ẹnu rẹ̀ là bí àrọ, ẹ má fi nǹkan kan sí i rárá.

Ọ̀rọ̀ ìlà fítínì tún wà níbẹ̀. 1/8 NPT ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ géèjì Amẹ́ríkà, ìlà 27 nínú ínṣì kan. 1/8 BSP tí wọ́n ń tà lọ́jà jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n 28 ni tirẹ̀. Á wọlé lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, á wá le. Ọmọ iṣẹ́ á ní ó ti mú, á fi agbára kún un, ojú kábúrétọ̀ á jẹ. Ẹ gbé e lọ bá tọ́nà tó ń gé irin kí ẹ tó fi sípánà kàn án.

Èyí tó lè pa èèyàn ni páìpù epo tí wọ́n ń fà wọ inú ọkọ̀, kí géèjì lè wà ní dáṣíbọọ̀dù. Wọ́n á lu ihò sí irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dírẹ́bà, wọn ò ní fi rọ́bà sí i létí. Irin yẹn á máa rẹ́ páìpù díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ tó bá já, orí ẹsẹ̀ yín ni epo máa dà sí, pẹ̀lú gbogbo wáyà tó wà lábẹ́ síárìn. Ẹ ra oníná: sẹ́ńsọ̀ á dúró lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wáyà nìkan ló máa wọlé. Bí ẹ bá taku pé aláìlo-iná lẹ fẹ́, ẹ gbé e síta níwájú gíláàsì, bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Ẹ má bẹ̀ mí láti gbé e wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ mí, mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Họ́ọ̀sì funfun tí a ń rí epo nínú rẹ̀: rárá. Á gan, á là.

Ẹni tó ra oníná náà ní wàhálà tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan ń gba áàtì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, láti ara irin tó wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín họ́ọ̀sì rọ́bà méjì ni wọ́n so ó sí, níbo ló ti fẹ́ rí áàtì? Ọwọ́ géèjì á máa jó, ẹ̀yin á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Wáyà áàtì kan sí ara ẹ́ńjìnnì, ó parí.

Géèjì tí wọ́n dìídì rọ omi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ooru ń tàn án jẹ. Omi yẹn á wú, á máa ti ọwọ́ géèjì sẹ́yìn, iye tó ń kà á sì dínkù. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣí rọ́bà kékeré tó wà lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dí i padà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró ti ọkọ̀ nílé, tí ẹ ń ya fọ́tò géèjì tó dúró lórí 6, kò tíì sí ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ gbé e bọ́ sójú ọ̀nà Obajana, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa láti fi tírélà sìmẹ́ńtì kan sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn máa bá yín wo géèjì. Bó bá já láti 6 sí 2, epo ò tó o nìyẹn. Ẹ má tíì ra pọ́ńpù. Ẹ wo fílítà, ẹ wo ìpẹtà inú táǹkì, ẹ wo họ́ọ̀sì ẹ̀yìn tó lè máa fa afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo ẹnu táǹkì, torí mo mọ̀ yín. Ìdérí ti sọnù láti ọdún mélòó kan, ẹ ti ki nílọ́ọ̀nù àti àkísà bọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ojú ìdérí yẹn ni táǹkì fi ń mí. Bí ọkọ̀ bá kú lórí òkè, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ àkísà yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ "fííì" tí afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé, tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn nígbà tí ẹ sítáàtì rẹ̀, ìdérí ni kí ẹ lọ rà.