Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Agbẹ́gilére Tó Jẹ́ Tiyín

Aránṣọ ni mí ní Adó-Èkìtì. Ẹ gbé bùbá kan fún mi, ẹ jẹ́ kí n yí ọrùn rẹ̀ padà wo inú, màá sọ ẹni tó rán an nínú àwa tá a wà ládùúgbò. Ọwọ́ kan wà tó máa ń ṣẹ́ etí aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mìíràn wà tí kì í fún abíyá láyè tó. Ojú tí mo fi ń wo aṣọ yìí náà ni mo fi ń wo ère. Bí ẹ bá fẹ́ ní agbẹ́gilére kan tí ẹ lè pè ní tiyín, ẹ má ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Irú ère kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Èmi mú ère ìbejì, torí méjì wà nínú àpótí tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀. Imú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán nítorí wíwẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n àti oúnjẹ tí wọ́n ń fi kàn wọ́n lẹ́nu. Osùn ṣì há sí kọ̀rọ̀ etí wọn. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ mo mọ etí yẹn: ó lọ sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ká bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Títí dòní, etí ni mo kọ́kọ́ ń wò lára ère ìbejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbẹ́, kí ẹ tò wọ́n síra. Àwòrán orí fóònù tó, bó bá ti mọ́ kedere. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn ṣe é.

Ẹ wo èyí tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó, wọ́n sì ru òyìnbó ìjọba kan wá bá a, Captain Ambrose. Orí àti èjìká àwọn èèyàn náà yọ kúrò lára pákó, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ máa ń kì í pé a-gbẹ́-ìrókò bí ẹni ń gbẹ́ igbá, ẹ ó sì rí i pé kò purọ́. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi àfihàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, fẹ́ rà á. Ògògà ò tà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà títí di ìsinsìnyí.

Ẹ wá gbé ti Àreògún, ará Òsì-Ìlọrin, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wà láyé nígbà kan náà ni. Èèyàn inú ti Àreògún kò yọ jáde tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tò ní ìpele-ìpele, wọ́n sì kún pákó fọ́fọ́. Ẹ óò rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére máa ń lé ọnà sára igi ná, wọn a wá ṣe àlétúnlé, wọn a dán an, kí wọ́n tó fín in. Ibi fínfín ni kí ẹ sún mọ́ jù: ìpéǹpéjú, irun, ìlà aṣọ. Níbẹ̀ ni ọwọ́ kì í ti í fara pa mọ́.

Ẹ pa fóònù dé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ yín ya ohun tí ẹ bá rántí. Ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ ni èmi fi yà á sórí páálí. Gbogbo èèyàn ilé mi rò pé ti Ọlọ́wẹ̀ ni màá yà, nítorí Èkìtì ni wá. Ẹlẹ́ṣin kọ́ ni mo yà, ọba kọ́ ni. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ni. Àreògún fi ìtọ́jú kan náà tó fi gbẹ́ olóyè gbẹ́ ọkùnrin yẹn, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá.

Bí ẹ bá ti rí tiyín, ẹ tọ ipasẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Báńdélé, ọmọ Àreògún, ló kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, lábẹ́ Fáádà Kevin Carroll. Fákẹ́yẹ yìí ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò lọ wò ó.

Bó bá di rírà, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Wọ́n ta ère "àtijọ́" kan fún mi rí tó jẹ́ pé pólíìṣì bàtà ni wọ́n fi kùn ún. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ń dì mú ni ère gidi ti máa ń dán. Tèmi, gbogbo ara rẹ̀ ló dán bákan náà, títí dé abẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tó sì jẹ́ àtijọ́ lóòótọ́ lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí ní ojúbọ onílé. Ó máa ń dùn mí. Ẹ má rà á bí ẹ kò bá mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére tó ṣì wà láàyè ni kí ẹ náwó yín sí. Ẹ jókòó ti ẹni náà, kí ẹ ní kó fi ọ̀bẹ tó fi ń fín ojú hàn yín.