Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ohun Jíjìn Bá Ń Bo Ìràwọ̀ Lójú

Ká ní òkúta yìnyín kan tó fẹ̀ tó kìlómítà 100, tó ń yí oòrùn ká lẹ́yìn Neptune lọ́hùn-ún, fẹ́ gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá. Òjìji rẹ̀ á sáré lórí ilẹ̀ ayé ní nǹkan bíi kìlómítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó dúró sí àárín gbùngbùn ọ̀nà òjìji náà gan-an, ìṣẹ́jú-àáyá 4 péré ni ìràwọ̀ á fi pòórá lójú rẹ̀. Àkókò tó fi pòórá yìí la fi ń mọ bí òkúta náà ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe rí. Àwọsánmà làwọn èèyàn ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ aago ló yẹ kí wọ́n máa bẹ̀rù.

Ẹ má gbọ́kàn lé aago kọ̀ǹpútà. Tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 1 yẹ̀, ibi tí ẹ máa fi etí òkúta náà sí á fi kìlómítà 25 yẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀. GPS ló dáa, kó máa tẹ àkókò sára àwòrán kọ̀ọ̀kan. Òun náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀ o. Aago GPS fi ìṣẹ́jú-àáyá 18 ṣáájú UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, ọ̀dọ̀ satẹ́láìtì sì ni ẹ̀rọ yín ti ń gbọ́ iye tó máa yọ kúrò. Odindi ìsọfúnni náà ń gba ìṣẹ́jú 12 àtààbọ̀ kó tó wọlé tán. Ẹni tó tan GPS nígbà tó ku ìṣẹ́jú 5 lè rí àkókò tó mọ́ lójú bí iyọ̀, kó sì jẹ́ irọ́. Ẹ tàn án ní ìdajì wákàtí ṣáájú, níta gbangba.

Kámẹ́rà ló kàn. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán kan pẹ́ jù: tó bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2, àwòrán méjì péré lẹ máa rí nínú 4 yẹn, tó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, 40 ni. Ẹ jẹ́ kí ìràwọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ń ṣọ́. Bí àwọsánmà bá kọjá, àwọn méjèèjì á jọ ṣú. Bí ọ̀kan péré bá lọ, òjìji nìyẹn. Fídíò tí wọ́n ti fún pọ̀ kò ṣeé fi wọn ìmọ́lẹ̀, FITS tàbí SER, ìyẹn irú fáìlì tí kì í ba ìmọ́lẹ̀ àwòrán jẹ́, ni kẹ́ ẹ fi pamọ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ ya àwòrán 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ sì kà wọ́n. 6,000 ló yẹ kó pé. Tó bá jẹ́ 5,700, wáyà tàbí dísìkì ń da àwòrán nù.

Ọ̀pọ̀ tiẹ̀ máa ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí kì í ṣe òun. Nọ́ńbà ipò tí wọ́n ń tẹ̀ jáde sábà máa ń jẹ́ ti J2000, ìyẹn bí ipò náà ṣe wà lọ́dún 2000. Bí awò awọ̀nàjíjìn yín bá kà á bí ti òní, ẹ lè yẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta fífẹ̀ òṣùpá. Ẹ fi máàpù wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ní alẹ́ tó ṣáájú.

Ẹ má dúró di ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní March 10, 1977, James Elliot, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tí Uranus máa bo ìràwọ̀ kan. Nítorí pé àsọtẹ́lẹ̀ kò dájú, wọ́n ti tan ẹ̀rọ wọn tipẹ́. Ó ku ohun tó lé ní ìdajì wákàtí kí Uranus dé nígbà tí ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí pílánẹ́ẹ̀tì náà ṣe kọjá tán, ó tún ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ní ìhà kejì. Bí wọ́n ṣe rí àwọn òrùka Uranus nìyẹn.

Awò márùn-ún nínú ọgbà kan náà, ìlà kan ṣoṣo lẹ rí, ìyẹn ibì kan ṣoṣo tí ìràwọ̀ gbà kọjá lẹ́yìn òkúta náà. Ẹ fọ́n ká, kẹ́ ẹ to ara yín dábùú ọ̀nà òjìji, kí àwọn kan tiẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn ààlà. Ní June 2017, àwọn tó fọ́n ká sí Argentina àti South Africa kò rí kí Arrokoth, ọ̀kan lára àwọn òkúta yìnyín tó wà lẹ́yìn Neptune, bo ìràwọ̀ kankan. Ní July 17, ní gúúsù Argentina, awò márùn-ún mú un, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi dá atẹ́gùn dúró. Ìlà márùn-ún yẹn ló fi hàn pé ohun náà gùn, kò rí roboto.

Ẹni tí ìràwọ̀ kò pòórá lójú rẹ̀ sábà máa ń di ẹrù rẹ̀ lọ sílé láìfọhùn. Àṣìṣe ni, torí ibi tó dúró sí ló máa sọ ibi tí òkúta náà parí sí. Kó fi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí ránṣẹ́ ní UTC, pẹ̀lú ipò tó wà, gíga ilẹ̀ náà, àti bí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó.