Bí mo ṣe fẹsẹ̀ rin inú Erédò Súngbọ́

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sì ni ọ̀nà ilé ìyá tó bí ìyá mi. N kò lè ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti gbé mi la àárín Erédò, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, kọjá. Títì ti gé e sí méjì níbẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ilẹ̀ ga lọ́tùn-ún lósì, igbó sì bò ó. Kí ẹ tó wẹ̀yìn, ó ti tán. Ìyá àgbà a máa na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ kí Súngbọ́ o." Àwa ọmọ á ní, "Súngbọ́, ẹ kú o." Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí mo fi pé ọmọ ọdún méjìlélógójì.

Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì rìn ín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó máa ń lọ gun òkè Ìdànrè ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ló wà ní Ìjẹ̀bú tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn. Òun rèé.

Yàrà ni, òun àti odi. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọnú, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sí apá ilé, ó di odi. Yàrà wá wà níta, kí ọ̀tá tó bá ń bọ̀ kọ́kọ́ ṣubú kó tó rí ohun tí yóò gùn. Ó gùn ju 160 kìlómítà lọ, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká. Láti àríwá rẹ̀ dé gúúsù tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ilé alájà mẹ́fà nìyẹn. Onímọ̀ kan, Peter Lloyd, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Yunifásítì Bournemouth, ni ó rìn ín kiri inú igbó tó sì wọ̀n ọ́n, tí ìròyìn rẹ̀ fi tàn káyé ní 1999.

Àwọn àgbà wa ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bilikisu Súngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Ànábì Sulaimọ́nù. N kò lè gba ti ìkejì yẹn, nítorí Darling ka Erédò sí iṣẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ayé Sulaimọ́nù sì ti kọjá tipẹ́tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin tí kò ní ọmọ tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó wá fi ilẹ̀ ṣe ọmọ.

Nítorí náà, Òkè-Eri ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ní wọ́n sin ín sí. Kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Mo fẹ́ kí i kí n tó wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá tí mo bá níbẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọ́n wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé obìnrin kì í dé ojú oórì náà. Àbúrò mi ọkùnrin tó bá mi lọ ló wọlé. Èmi dúró sábẹ́ igi níta, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà mi láti ibẹ̀. Èèwọ̀ ni, n kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ó dùn mí, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Mo sọ nínú ara mi pé kò sí ẹni tó máa dá mi dúró nínú yàrà.

Ẹni tó mú wa rìn, ọdẹ àgbà kan ni ní abúlé kan lẹ́bàá Erédò. Ọmọ ìjọ ẹ̀gbọ́n mi ló júwe rẹ̀ fún mi. Mo lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo mú obì àti ọtí dání bí wọ́n ṣe ń lọ bá àgbàlagbà. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí, pẹ̀lú ẹnu Ìjẹ̀bú rẹ̀ tó dùn létí, ni pé, "Ibo ni ẹ ń yún nínú rẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, mo kàn fẹ́ rìn ín ni." Ó wò mí títí. Ó ní àwọn tó ń wá máa ń ya fọ́tò létí títì, wọ́n á sì padà. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, kí n sì wá bàtà gidi.

Kí n sọ ti ẹrù. Bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe kánfáàsì, nítorí ewé gbígbẹ jìn nísàlẹ̀ yàrà débi pé ẹsẹ̀ ń rì, paramọ́lẹ̀ sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn. Omi lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé mẹ́ta, kò tó. Gaàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti ṣúgà, nítorí kò sí oúnjẹ tó fúyẹ́ lẹ́yìn tó sì ń mú inú dúró jù ú lọ. Okùn ọ̀rá tí mo so ní kókó kókó, kókó kan sí mítà kan. Àdá wà lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ sọ máàpù sínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé nísàlẹ̀. Ẹ má sì lọ ní àsìkò òjò. Omi máa ń dúró nínú rẹ̀, ògiri á yọ̀ bí ọṣẹ. Oṣù ọ̀gbẹlẹ̀, láti Ọ̀pẹ sí Èrèlé, ni kí ẹ mú.

A wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a sọ̀ nítòsí ìlú Erédò tó ń jẹ́ orúkọ yàrà náà. Ìjọba ti pín ibẹ̀ sí Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. A fi títì sílẹ̀, a gba inú oko ẹ̀gẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà oko kòkó. Bàbá dúró lójijì, ó fi àdá tọ́ka sí iwájú. Igbó lásán ni mo rí. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, ilẹ̀ sì tán.

A wà lórí bèbè yàrà. Mo wo ìsàlẹ̀, n kò rí ìsàlẹ̀. Orí ọ̀pẹ ni mo rí, èmi tí mo máa ń gbójú sókè wo ọ̀pẹ láti kékeré. A sọ̀kalẹ̀ níbi tí ògiri ti ya díẹ̀, a di gbòǹgbò mú, a kọ ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ lórí àkàbà.

Nísàlẹ̀, ooru ti kúrò. Ọyẹ́ wà lókè, ẹnu mi ti ń là, ṣùgbọ́n tútù tó wà níbẹ̀ rọ̀, ó ń rùn bí amọ̀ ìkòkò tuntun. Igi ìhín àti igi ọ̀hún ti na ọwọ́ kan ara wọn lókè, oòrùn ń já bọ́ ní tótó bí owó ẹyọ. Ògiri méjèèjì dúró ṣánṣán, wọ́n dán. Mo fọwọ́ pa á. Ilẹ̀ pupa wa yẹn ni: ó rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i tí oòrùn sì pa á, á le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì wó. Èéhù tútù bò ó láti ibi ìbàdí mi lọ sókè. Àbúrò mi tó máa ń sọ̀rọ̀ láìsinmi kò sọ ohunkóhun fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bàbá kọ́ mi ní ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá máa lọ mú dání: ẹ wo ibi tí odi wà. Ẹ̀gbẹ́ tó bá ga ju èkejì lọ, ilé ni, Ìjẹ̀bú ni. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, ìta ni. Níwọ̀n bí a ti wà ní gúúsù, tí a sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọwọ́ ọ̀tún wa ni odi gbọ́dọ̀ máa wà. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ òsì, ẹ ti yí padà láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yọ wá lọ́fìn-ín nígbà tó yá.

Ìrìn náà kì í ṣe ojú ọ̀nà tí wọ́n ti la sílẹ̀. Àpá ibi tí àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń wá ìgbín ń gbà wà, lẹ́yìn náà igi wó dí ọ̀nà, ẹ ó gùn ún tàbí kí ẹ rá pálá gba abẹ́ rẹ̀. Níbi kan, ewé gbòdògì kún gbogbo rẹ̀, ó ga jù mí lọ. Níbi kejì, Bàbá na ọwọ́ dí wa, ó ní kí a má fọwọ́ kan nǹkan kan: wèrèpè ló rọ̀ sílẹ̀ láti òkè bí aṣọ títa, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló kù kó gbọn ún sí wa lọ́rùn. Ó gé igi gígùn, ó fi ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa sì dọ̀bálẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Wákàtí kan ni a fi rin kìlómítà kan ní apá ibẹ̀.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, a dé ibi tí mo rò pé ó jìn jù nínú ibi tí a rìn. Bàbá rí ọ̀nà gun odi, ó ju orí okùn sí mi. Okùn náà sùn mọ́ ara ògiri, nítorí náà ìwọ̀n mi kì í ṣe ìwọ̀n onímọ̀. Mo ka kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlá. Mo dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo gbójú sókè wo bàbá àgbàlagbà yẹn tó kéré bí ọmọ ọdún márùn-ún lórí odi, mo sì ronú àwọn tó gbé yẹ̀pẹ̀ yìí gòkè. Kò sí katakata. Ọkọ́, agbọ̀n, orí èèyàn.

Ibẹ̀ la ti fẹ́ jẹun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí gaàrí ni ìjàlọ dé. Ẹni tí ìjàlọ kò bá tíì bá nínú kòtò kò tíì mọ̀ pé kòtò kò ní ẹnu ọ̀nà. A gbé abọ́, a sáré, a bọ́ bàtà, a gbọn ṣòkòtò, Bàbá sì ń pariwo pé ká má dúró, ká má dúró. Lẹ́yìn eré yẹn ni a rí i pé yàrà ti tán mọ́ wa lẹ́sẹ̀: ẹnì kan ti dí i pa fún oko ọ̀pẹ, kò hàn mọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. A la oko náà kọjá, a rí kòtò kan níwájú, a kó sínú rẹ̀, a ti rìn díẹ̀ kí àbúrò mi tó ní, "Àǹtí mi, odi ti wá lọ́wọ́ òsì." Òótọ́ ni. Eré ìjàlọ ti da orí wa rú, ibi tí a ti kúrò là ń padà sí.

Apá ìkẹyìn kò pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo gbé sùn. Wọ́n ti gé odi náà lulẹ̀, ó tó ìwọ̀n ilé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àpá táyà tipa sì wà nílẹ̀ tútù. Wọ́n ń wa yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Darling ṣírò yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ gbé jáde nínú Erédò sí kúbíìkì mítà 3,500,000. Bí tipa kan bá ń kó mẹ́wàá, tipa 350,000 nìyẹn, àwọn kan sì ń kó o lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kùtùkùtù. Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà nínú ìwé tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO pé òun fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Tiwa ṣì ń dúró, tipa kò sì dúró. Mo bi Bàbá bóyá wọ́n ti fi sùn. Ó ní wọ́n ti sọ, wọ́n ti sọ, ẹnu ti rẹ̀ wọ́n. Ó ní kí n má dárúkọ abúlé òun níbikíbi, kí ọ̀nà ibẹ̀ má baà hàn sí i. N kò ní dá a. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè ọdẹ ní ìlú Erédò, ẹ ó rí ẹni tí yóò mú yín.

A gun òkè jáde ní agogo mẹ́rin àbọ̀. Fóònù mi ní a ti rin kìlómítà méje dín díẹ̀. Bàbá gba owó rẹ̀, ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì nínú rẹ̀ padà fún àbúrò mi, ó ní torí pé ojú rẹ̀ ló rí odi.

Mo gba ilé ìyá àgbà lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìkòkòrẹ́ wà lórí iná. Kò lè rìn jìnnà mọ́, ojú rẹ̀ náà kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, "Báwo ló ṣe jìn tó?" Mo sọ fún un, kò yé e, mítà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo bá fi orí okùn lé e lọ́wọ́ níbi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo ń tú u lọ, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, mo dé ibi kànga lẹ́yìnkùlé kí kókó mẹ́rìnlá tó pé. Mo fa okùn náà díẹ̀ kó lè mọ̀ pé mo ti dé òpin rẹ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo rí i tí okùn mì lọ́wọ́ mi, òun náà ti fà á padà.